Ímeèlì Méjì Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa orí rédíò. Ẹ bò mí láṣìírí.

Èmi ni mò ń bá ọ̀gá wa kọ ímeèlì, wọ́n ní mo mọ ọ̀rọ̀ọ́ tò. Lónìí, wọ́n ní kí n kọ èyí tí wọ́n máa fi lé bọ̀dá tó jókòó tì mí kúrò níṣẹ́. "Kọ ọ́ kó má dùn ún jù. Fi ránṣẹ́ kí a tó ṣíwọ́."

Bọ̀dá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́! Mo ti kọ ọ́ tán, mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Ni bọ̀dá bá na fóònù wọn sí mi: "Àbúrò, bá mi wo ímeèlì yìí, kó o sì bá mi fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ tọrọ ìgbéga lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ọ́ tò."

Ẹ̀yin olùgbọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́?