Adébísọ́lá, Kéèsì Wo Ni Wọ́n Ní O Fẹ́ràn?

Ìdọ̀wá,
Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Adébísọ́lá ọmọ mi, ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé omi ń yọ nílé tí o gbà ní Agége, ṣé ẹ̀fọn kò dà yín láàmú? Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń fúyẹ́. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan nínú wọn kì í gbọ́ràn, mo sì fi orúkọ rẹ pè é. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí a ò lè sọ níta nípa rẹ. Mo fi àdúrà yẹn ṣíwájú nítorí ohun tí mo ti gbọ́.

Làsísì, ọmọ ilé kejì wa tó ń wakọ̀ fún ọ̀gá kan ní GRA Ìkẹjà, ló wálé wá sọ pé òun gbé ọ̀gá òun lọ sí iléeṣẹ́ bískíìtì yín, òun sì gbọ́ tí ìwọ àti Olúṣẹ̀yẹ, ọmọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ń pariwo mọ́ra yín. Ó ní Olúṣẹ̀yẹ ní ìfù ló dára, ìwọ sì ní kéèsì ni o fẹ́ràn, kéèsì ni o ti ń ṣe láti ìgbà tí o ti kọ́ṣẹ́. Kéèsì! Láyé sójà yìí, tí wọ́n ń wá gbé ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìyẹn ni ọmọ mi fẹ́ràn? Mi ò sọ fún bàbá rẹ. Mo ní mò ń lọ kí àbúrò mi ní Abúlé Ẹ̀gbá, mo wọ mọ́tò, ó di ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ yín ní Ìkẹjà.

Máígáàdì ní o ti lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní ọ́fíìsì yín kejì ní Onígbòǹgbò. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní tí wọ́n bá ti gbé ọmọ mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n sọ fún mi, èmi náà ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ni wọ́n bá sáré pe Olúṣẹ̀yẹ jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ìyẹn gan-an tún jẹ́ kí ara fu mí, nítorí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní kéèsì yín kì í ṣe ti kọ́ọ̀tù. Ó ní kọ̀ǹpútà ní èdè oríṣiríṣi bí a ṣe ní Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, bí ẹ bá sì fẹ́ kó yan ọ̀nà kan nínú ọ̀nà púpọ̀, ẹ lè fi ìfù, ìyẹn ‘tí’ lédè òyìnbó, bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kì í bá ṣe èyí, ṣé tọ̀hún ni, tàbí kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ kéèsì kan ṣoṣo. Ó ní nínú Páskàlì, èdè kọ̀ǹpútà tí o kọ́kọ́ kọ́, kéèsì kì í yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú èdè tuntun tí iléeṣẹ́ mú wá, tí wọ́n ń pè ní Síì, súwíìṣì ni wọ́n ń pè é, ó sì gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó máa dá a dúró kó má bàa yí wọnú ọ̀nà tó tẹ̀ lé e. Mo ní ṣé NẸ́PÀ ni yín ni àbí dẹ́rẹ́bà? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo tún mẹ́nu ba ọlọ́pàá, ló bá sọ èyí tó kù.

Ó ní o gbàgbé bíréèkì kan, kọ̀ǹpútà sì yí gbirigbiri, ó kó àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́ àwọn tí iléeṣẹ́ fẹ́ dá dúró nítorí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n yìí. Àwọn ìyá ọlọ́mọ, Àbẹ̀kẹ́! Olúṣẹ̀yẹ ló rí i kí ọ̀gá yín tó rí i, ó tún un ṣe, kò sì sọ fún ẹnì kankan níbẹ̀. Ó kàn ní kí o máa fi ìfù ṣe tìrẹ láti ìsinsìnyí lọ, o ní ó ń fojú kéré ọ, o ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo rò ó títí. Ta ló ń ran èèyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láyé Sáàpù yìí? Mo bi í kí ló ń wá lára ọmọ mi, ṣé ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni. Ó wolẹ̀. Ó ní tí Bísọ́lá bá gbà, òun máa fẹ́ ẹ, tí kò bá tíì gbà, òun máa dúró. Mo ní tó bá dúró tó rẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ó ní òun ò kọ bíréèkì sí ìyẹn. Kọ ọ́ sínú kí ni? Kò yé mi. Wọ́n ń pè é láti inú ilé pé wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀, kò lọ, ó dúró tì mí nínú oòrùn títí mo fi rí mọ́tò.

Mi ò tíì gbà á gbọ́ o. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn báyìí, ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Sátidé, kí n wò ó lójú bó ṣe ń jẹun. Ó ní òun ń bọ̀. Má jẹ́ kó dá wá. Ẹ parí ìjà yín nínú mọ́tò.

Bí ẹ bá ń bọ̀, mú kẹrosíìnì wá, àti mílíìkì alágolo, nítorí Sáàpù ti lé mílíìkì kúrò ní Ìdọ̀wá, kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú kí n fi ra ẹja tútù. Bískíìtì tó bá fọ́ níbi iṣẹ́, ẹ má dà á nù.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní pa ìyá ọlọ́mọ kankan lẹ́kún. Ẹni tó máa bò ọ́ láṣìírí kò ní jìnnà sí ọ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Ojúọlápé.

Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé àlejò ń bọ̀. Mi ò sọ irú àlejò tó jẹ́, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ló ti ń wá fìlà rẹ̀ kiri.