Baba Ṣífìlà, Ẹni Tó Kí Gbogbo Ayé Lójú Títì

A bí bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Baba Ṣífìlà, ní oṣù kẹta ọdún 1954, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Bíríkìlà ni bàbá tó bí wọn. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ìyá yìí ló kọ́ wọn pé ọmọ tó bá ń kí àgbà pẹ̀lú fìlà lórí kò tíì kíni. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ní 1974, iléeṣẹ́ tó ń tún títì ṣe gbà wọ́n síṣẹ́. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi da ọ̀dà gbígbóná sí kòtò ojú títì. Kò sẹ́ni tó kọjá tí wọn kì í ṣí fìlà fún, títí kan awakọ̀ tó ń bú wọn pé wọ́n dí ọ̀nà. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ọwọ́ ni fìlà máa ń wà. Orí ọ̀hún sì ti pá láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé bí oòrùn bá ń wá ibi tí yóò jókòó sí, kò ní wá a jìnnà.

Wọ́n gbé ìyá wa níyàwó ní 1979. Olùkọ́ ni ìyá wa, títì tí Bàbá ń tún ṣe ni wọ́n máa ń gbà lọ sí iléèwé. Ìyá ní ìkíni kẹtàdínlógún ni àwọn tó dáhùn.

Ní ilé ìjọsìn, ẹnu ọ̀nà níta ni Bàbá máa ń dúró sí láti gba àlejò. Ní àdúgbò, àwọn ló ń dí kòtò iwájú ilé onílé lọ́jọ́ ìsinmi wọn.

Ní 2016, egbò kékeré kan yọ sí àtàrí wọn. Bàbá ní ọ̀dà ló ta sí àwọn lórí, torí kò sí ará ibi iṣẹ́ wọn tí kò ní àpá ọ̀dà. Àwa náà bá wọn pè é ní ọ̀dà. Egbò ọ̀dà a máa jinná. Èyí ń pa eépá, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àkọ́bí wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní jẹjẹrẹ awọ ara ni, oòrùn ọjọ́ pípẹ́ ló fà á, ó sì ti dé ọrùn. Ó ní ká ní wọ́n tètè wá ni, iṣẹ́ abẹ kékeré ni ì bá yanjú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn wá títí dòní.

Nígbà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ wá wò wọ́n lórí ibùsùn, gbogbo wọn ló ṣí fìlà. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní: “Ẹ dé e padà. Ẹnu ni kẹ́ ẹ máa fi kíni. Ẹni tó bá sì ní egbò tí kò jinná, kó má pè é ní ọ̀dà.”

Wọ́n fi wá sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ìyàwó wọn, àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ títì tí ẹ wà níbí, a mọ̀ pé ọwọ́ yín á fẹ́ lọ sórí bí a bá ń gbé wọn kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí fìlà fún Baba Ṣífìlà.

Bàbá wa, ẹ sùn re, lábẹ́ ìbòòji.