Ìpénpéjú Mi àti Iṣu Ìdúpẹ́

Ilé Aránṣọ,
Ẹ̀bá Ọjà, Ẹ̀gbẹ́dá,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹsàn-án, 1964.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ìtura Ayọ̀,
Ọ̀nà Alákìá, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN NÍPA OJÚ ÒSÌ MI TÍ KÒ PADÉ MỌ́ LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ IMÚ

Mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ lọ́nà Ẹrúnmu lọ́dún tó kọjá, imú mi wọ́, n kò sì lè mí dáadáa mọ́. Dókítà yín ṣiṣẹ́ abẹ, ó tún un tò. Imú náà gún régé. N kò bá yín jà lórí imú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ojú òsì mi kò padé. Dókítà ní ara wíwú ni, yóò lọ. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ni èmi àti ìyá ọkọ mi bá ru iṣu wá fún yín. Ẹ gbà á, ẹ sì jẹ ẹ́. Ara wíwú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò padé títí di òní.

Nígbà tí mo padà wá, akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Josiah Olúyínká, kò jẹ́ kí n rí dókítà. Ó ní ẹni tó ti ru iṣu ìdúpẹ́ wá kò lè tún wá fẹjọ́ sùn. Ó ní imú lẹ fọwọ́ kàn, ẹ kò dé ojú, àti pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ bá mi kí i. Ohun tó bá ojú ti bá imú, ọmọdé Ẹ̀gbẹ́dá mọ̀ ọ́n. Ó ku akọ̀wé tó ń wọ táì. Ṣé nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n ni kò fi ṣẹlẹ̀ sí mi?

Nínú ìjọ Aládùúrà wa, gbogbo ojú ní í padé bí a bá ń gbàdúrà. Èmi tí mo ń ṣáájú àwọn obìnrin, wọ́n ti ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní ojú mi ń ṣọ́ ìjọ. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ru iṣu, bá mi lójú oorun tí ojú òsì mi là sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ọmọ mi sùn tì mí mọ́. Ó rò pé àjẹ́ ni mí, ó sì ń dùn mí wọra.

Ojú náà ti wá gbẹ, ó ń pọ́n, ó sì ń ṣe bàìbàì. Aránṣọ ni mí, n kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀, kì í ṣe akọ̀wé yín: ẹ jẹ́ kí dókítà àgbà tọ́jú ojú yìí kó tó fọ́, kí ó sì kọ̀wé sí ìjọ mi pé abẹ yín ló ṣe é. Bí akọ̀wé bá rò pé irọ́ ni, kó wá wò mí lójú oorun. Ojú òsì mi yóò máa wò ó. Ṣùgbọ́n kó tètè wá. Bó bá pẹ́, yóò bá ojú náà ní lílà, ṣùgbọ́n ojú náà kò ní rí òun mọ́.

Ẹ má bínú pé n kò kọ “Ẹ ṣeun” sísàlẹ̀ ìwé yìí. Ọpẹ́ tí mo kọ́kọ́ dá ni wọ́n fi tì mí síta.

Èmi ni tiyín, títí ojú yóò fi padé,

Leah Àjọkẹ́ Ọlọ́runyọmí (Ìyáàfin),
Aránṣọ.