Etí Ìró Yín

Màmá mi àtàtà,

Dàmọ́lá àbúrò mi ti rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Ó yẹ kí inú mi máa dùn, àmọ́ ẹ mọ̀ mí.

Ilé kékeré kan ni, ní àdúgbò Uwasota. Ibẹ̀ la tó ti gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe é: ọ́tísíìmù, pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀mí èṣù, Màmá, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Kí ni gbogbo ààwẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì fi jẹ yín níyà wá wà fún? Àwọn ará ilé yìí kì í pariwo mọ́ ọn. Olùkọ́ rẹ̀, Àǹtí Osas, wá sílé wa, ó jókòó ń wo bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń to ìdérí ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bá a tò ó. Ní báyìí, Dàmọ́lá ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí ẹ ti jáde láyé ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń gé èékánná rẹ̀, kò di tèmi mú rí. Mo jowú gan-an.

Owú yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti dàgbà kọjá ẹni à ń pọ̀n, ẹ ṣì ń pọ̀n ọ́n, ẹ ń fún ìró mọ́ ọn títí ẹkún rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Tí a bá ń lọ sọ́jà Santana, òun ló wà lẹ́yìn yín, etí ìró ni èmi ń dì mú tẹ̀lé yín. Ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń mọ̀ pé mo wà níbẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Osas bi mí: “When im dey cry, wetin una mama dey do?” Mo ní mi ò mọ̀. Ìró búlúù yẹn wà nínú àpótí mi, òun ni mo fi ń bora sùn, mi ò sì fẹ́ kí Dàmọ́lá fojú kàn án.

Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri ní Uwasota, apá wọn ò ká a. Mo sáré wálé lọ mú ìró náà. Bí Àǹtí Osas ṣe fún un mọ́ ọn lára, ó gbóòórùn yín, ó mí kanlẹ̀, ó sùn lọ. Mo fi ìró náà sílẹ̀ fún wọn.

Àmọ́ kí n tó jáde nílé, pẹ̀lú gbogbo ìkánjú yẹn, mo dúró fi sísọ́ọ̀sì gé etí ìró náà, ibi tí mo máa ń dì mú. Ẹ má bínú. Dàmọ́lá ti ní ẹ̀yìn yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
èyí tí ẹ kọ́kọ́ pọ̀n.