Ajá Tí O Fún Mi Sìn Ti Wà ní Kánádà

Agbolé Ìsàlẹ̀-Odò,
Ìgèdè-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2025.

Òjó, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

O kú ọ̀gbẹlẹ̀ o. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń bá ìyàwó rẹ jà ti rọlẹ̀? Ṣé iṣu yín ní Ìkọ̀lé ta dáadáa? Àwa níbí dúpẹ́ pé a jí. Olúyẹ́misí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń bá mi kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti ní kó má bù mọ́ ọn, kó má sì bù kúrò níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí o máa pariwo, èmi náà á pariwo. Mádalẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ajá rẹ ti wà ní Kánádà.

Ayọ̀kúnlé ọmọ mi ló gbé e lọ. O rántí pé òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí wọ́n ń retí físà. Ibẹ̀ ni ajá náà ti mọ́ Tìmílẹ́yìn, ọmọ wọn, lára débi pé ajá kì í jẹun bí ọmọ náà kò bá jókòó tì í. Lọ́jọ́ kan, Ayọ̀kúnlé ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Adó, lẹ́bàá Fájuyì, fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi dì í mú tí wọ́n fi gún un. Mi ò mọ̀ pé ìmúra ìrìn àjò ni mo ń bá wọn ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ni mo rí i nínú kéèjì. Mo ní ajá Òjó nìyẹn, mo kàn ń bá a sìn ín ni, kò tíì bímọ tí a máa pín.

Ó ní, "Bàbá, ajá lásán ni. Màá ra òmíràn fún ọ̀rẹ́ yín."

Mo ní, "Ṣé ọjà ni wọ́n ti ń ra ìran?"

Ọmọ ń sunkún, ọkọ̀ ń dúró, wọ́n sì lọ. O ti sọ fún mi pé Mádalẹ̀ nìkan ló kù nínú ìran ajá tí bàbá rẹ fi ń dọdẹ. Àgbà tó kàwé bí Ayọ̀kúnlé kò mọ̀ pé ẹni tó ń bọ́ ajá kọ́ ló ni ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fídíò. Wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù fún un, wọ́n ń pè é ní Bẹ́là. Mo pe orúkọ tí o sọ ọ́. Ó na etí, ó sì lọ wo ẹ̀yìn fóònù bóyá mo wà níbẹ̀.

Ayọ̀kúnlé ní kí n má bínú, ìwé àtilọ Kánádà tèmi ló kàn. Mo ní ibi tí ajá ti ṣáájú bàbá dé, mi ò lọ. Kó kọ́kọ́ pè ọ́, kó fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ọ́. Kò tíì pè ọ́, èmi náà kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí. Èmi ni o gbé ajá lé lọ́wọ́. Bí ẹran tí a ń báni sìn bá kú, a máa ń gbé awọ rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kó lè mọ̀ pé a ò tà á. Mádalẹ̀ kò kú, mi ò ní awọ tí mo máa gbé fún ọ. Okùn ọrùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Òun ni mo ká sínú ìwé yìí.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́,
Sàlàkọ́.