Ìdí Tí Mo Fi Mú Sùlàímọ́nù Padà Síwájú Ìgbìmọ̀

Ilé Ajíbóyè,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, ọdún 1996.

Bàrákátù Àríkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Yẹ̀kínì, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n ní ó ń fi èdè Faransé kí àgbà láìkúnlẹ̀. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Àwa tí a wà nílé ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti rọ̀ díẹ̀. Ara Mùínàt àbúrò rẹ obìnrin le. Ní tèmi, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń jókòó sídìí máṣíìnì mi láràárọ̀.

Dúrójaiyé awakọ̀ fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bí a ṣe ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní àwọn èrò tó ti Èjìgbò dé Àbíjàn ń sọ ọ́ káàkiri pé èmi Àlíù télọ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi fa ọmọ mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Bàbá, èmi ni mo pọn Sùlàímọ́nù dàgbà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ sọ fún mi kí n mọ̀.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n o ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Láti oṣù kọkànlá ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọ, ìyẹn kò sì dára. Jókòó, kí o kà á dópin.

Ìgbà Iléyá ọdún tó kọjá ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan ń ṣe àbúrò rẹ. Ó ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà náà, níbi tó ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó rù, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń sùn títí oòrùn fi ń kanrí. Nígbà tí a ń pín ẹran, mo gbóòórùn ọtí lára aṣọ rẹ̀. Ìyá rẹ ní ìwé kíkà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé ọtí náà lè jẹ́ ti ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní bàbá yunifásítì. Ẹni tí wọ́n bá ń pè báyẹn kì í fẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀ jù.

Nínú oṣù kọkànlá, ìwé dé láti ilé-ẹ̀kọ́ náà pé kí n wá. Àwọn gáàdì ti tú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lójijì, wọ́n sì rí igbó tí a fi bébà wé àti ìgò ògógóró kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tí Sùlàímọ́nù ń gbé. Ọmọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀, òun àti Olújídé, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ara, ní tòsí wa níbí. Àwọn méjèèjì ní àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wá ní kí ìgbìmọ̀ ìbáwí jókòó, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí.

Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ibẹ̀ fi ìwé òfin wọn hàn mí, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá mu ọtí nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, wọ́n lè dá a dúró fún odidi ọdún kan. Ẹni tí wọ́n bá ká igbó mọ́ lọ́wọ́, lílé ni wọ́n ń lé e pátápátá, wọ́n á sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, nítorí òfin ìjọba kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ó ní gbogbo wọn ló fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé. Mo bi àbúrò rẹ bóyá ó kà á. Ó ní òun kàn fọwọ́ sí i ni.

Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, mo mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní òun ló ni ín. Ó ní bíà ni òun fi bẹ̀rẹ̀, níbi àríyá kan lẹ́yìn ìdánwò, torí wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ mọ́ṣáláṣí ni òun. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan fún un ní igbó, pé yóò jẹ́ kó lè kàwé láìtòògbé. Láti ìgbà náà ni ìwé ti sú u. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ní òun fẹ́ wọlé lọ jẹ́wọ́.

Àríkẹ́, ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé, “Pa ẹnu rẹ mọ́. Sọ pé o rí ẹnìkejì rẹ nígbà tó ń fi í pamọ́.” Mo ti wo bẹ́ǹṣì ìta, mo ti rí i pé Olújídé dá jókòó. Ìwé tí wọ́n kọ sí bàbá rẹ̀ kò tíì dé Ara. Mo rò ó nínú ara mi pé ọmọ tí kò ní ẹnìkan lẹ́yìn ni ẹjọ́ máa tètè lẹ̀ mọ́. Mo gé ọ̀rọ̀ náà, mo rán an, mo sì ní kí àbúrò rẹ wọ̀ ọ́ wọlé.

Obìnrin kan, ọ̀jọ̀gbọ́n, ni alága wọn. Àbúrò rẹ sọ ohun tí mo fi sí i lẹ́nu, kò sì gbé ojú sókè. Nígbà tó kàn mí, mo dìde pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, mo ní nílé tèmi, ẹnikẹ́ni kò mọ bí ọtí ṣe ń rí lẹ́nu. Wọ́n gbà mí gbọ́. Olújídé kàn ń sọ pé, “Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀, mà,” títí wọ́n fi ní kó jáde. Wọ́n lé e lọ́sẹ̀ náà. Ọlọ́pàá mú un, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó gba béèlì rẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n fún àbúrò rẹ. Mo dé ilé, mo ṣe sàráà. Ìyá rẹ kò mọ ohun tí mo ṣe, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, ní ọjọ́ ọjà, àgbẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé aṣọ dúdú dání, pẹ̀lú ṣòkòtò ògbólógbòó kan fún ìwọ̀n. Ó ní ọmọ òun máa dúró níwájú adájọ́, lọ́yà sì ní kó múra dáadáa. Mo bi í ibi tó ti wá. Ó ní Ara ni, pé Ògúnrìndé ni orúkọ òun. Kò mọ̀ mí rí. Ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fetí sí i gbẹ̀yìn. Ó ní, “Ọmọ náà ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ta ni yóò bá mi gbà á gbọ́? Ẹ bá mi rán an kó dára. Ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe fún un.” Mo na téèpù sára ṣòkòtò náà. Mo tún un wọ̀n nígbà mẹ́ta.

Mo ń gbààwẹ̀, mo ń kírun, ṣùgbọ́n bí mo bá ti forí kanlẹ̀, ohùn ọkùnrin yẹn ni mo ń gbọ́. Mo bi lèmọ́ọ̀mù bóyá ẹni tó jẹ́rìí èké lè fi sàráà pa á rẹ́. Ó wò mí títí, ó ní kí ẹni náà kọ́kọ́ gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tó gbé e lé. Kò béèrè ẹni tí mo ń sọ.

Ọjọ́ tí mo rán ṣòkòtò náà tán ni mo wọkọ̀ lọ bá àbúrò rẹ. Mo rò pé yóò bá mi jà. Mo bá a nínú yàrá, ibùsùn Olújídé ṣì ṣófo ní apá kejì. Ó ní òun kì í lè wo ọ̀hún, pé ọtí tí òun ń mu ti wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ ohun tí bàbá Olújídé wí fún un. Mo ní, “Mi ò ní tì ọ́. Ṣùgbọ́n èmi máa lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa.” Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, Bàbá.” Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn ará Àbíjàn bá tún sọ ọ́, sọ fún wọn pé èmi ni mo lọ síwájú, òun sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ lé mi.

Alága náà kò pariwo. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ká tún un sọ kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lé àbúrò rẹ pátápátá, wọ́n sì ti pe Olújídé padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò ti kọjá lórí rẹ̀, tó sì di dandan kó tún ọdún náà kà. Ọlọ́pàá fi ẹjọ́ Olújídé sílẹ̀, wọ́n sì mú Sùlàímọ́nù. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu èmi náà, wọn kò sì tíì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí mi. Ohunkóhun tó bá jẹ́, mo ti múra.

Bí ó ti jẹ́wọ́, ẹjọ́ náà kò pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, a wà ní kóòtù. Lọ́yà rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló wá, pé ohun tí wọ́n rí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Adájọ́ ní nítorí ìyẹn ni òun ṣe dá a sí oṣù mẹ́fà péré, pé ká ní ó ń tà á ni, ọdún ni à bá máa kà. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ibi tí ọmọ yìí dúró sí, ó yẹ kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Wọ́n mú un gba ẹ̀yìn jáde kí ìyá rẹ tó lè fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kejì, mo lọ sí Ara. Mo bá Ògúnrìndé lóko, ó ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ṣe. Ó fi ara ti ọkọ́ rẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, “Ẹ dìde. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ mi sùn sórí sìmẹ́ńtì. Títí dòní, kò lè jókòó sí yàrá tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má bẹ̀ mí lónìí.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Mo dúró títí, kò tún wo ọ̀dọ̀ mi. Mo máa padà lọ bá a.

Mo rí àbúrò rẹ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, pé ara òun ń béèrè ohun tí kò sí. Ó bi mí bóyá Olújídé ti wọ yàrá padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Mi ò ní tàn ọ́, Àríkẹ́: yunifásítì yẹn ti parí fún un, iṣẹ́ ìjọba tí a ń retí ti bọ́, orúkọ ẹ̀wọ̀n yóò sì máa ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ kó wá bá ọ ní Àbíjàn bó bá jáde. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì pè é. Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé àárín àwọn tó mọ̀ ọ́n, kó sì fi hàn wọ́n pé òun lè jẹ́ kí ọtí kọjá níwájú òun.

Mùínàt náà ń fẹ́ lọ sí yunifásítì. Mi ò dá a lẹ́kun. Mo kàn ní ìwé òfin tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ sí, kó gbé e wálé kọ́kọ́, kó jókòó tì mí, kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rò pé eré ni mo ń ṣe.

Kí Ọlọ́run dáàbò bo ọmọ gbogbo tó jìnnà sílé. Ojú rẹ kò ní rí lára ọmọ rẹ ohun tí ojú mi rí. Kí Ọba tó ń dárí jì wá jẹ́ kí àwa náà yẹ lẹ́ni tí à ń dárí jì. Bí o bá ṣì ń bínú sí mi, kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mo máa kà á.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Àlíù Ajíbóyè.

Àfikún: Bí mo ṣe ń lẹ ẹnu àpò ìwé yìí ni ìyá rẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ sọ fún un kó má bínú sí yín ju bí èmi ṣe ń bínú lọ.” Ó sì padà sínú ilé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ tí adájọ́ dá ẹjọ́ náà nìyẹn.