Pèpéle Tí N Kò Yà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà
Ìpàdé lórí kànga-ẹ̀rọ tuntun. Ọkùnrin mọ́kànlá, èmi nìkan lobìnrin. Mo béèrè ta ló pọnmi láàárọ̀ yìí nínú wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ẹnjiníà, ẹ̀yin náà!" Ọ̀gá Kánkán — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ọ̀gá wa bẹ́ẹ̀ — ní ọjọ́ Ẹtì la ó ṣí i. Ó ku kí n buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta
Mo ní káwọn obìnrin wá dán an wò. Omi mọ́. Ẹ̀rọ fúyẹ́ lọ́wọ́. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí garawa agbẹ̀bí àdúgbò kún, tó dúró tó ń wò mí.
"Ta ni yóò gbé e rù mí?"
Mo ní ṣebí wọ́n pọ̀. Ó ní bóun bá dá wá ńkọ́? Ó ní àwọn ọkùnrin kan wà, tí wọ́n bá bá ọ gbérù, wọ́n á ní kí o wá dúpẹ́ nílé. Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Ó ní àbúrò òun dá gbé e rù, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Oyún náà bà jẹ́ lọ́jọ́ náà.
Pèpéle méjì péré ló kù, tí èèyàn yóò máa gbé garawa lé kó lè dá a rù: ọ̀kan dé ìbàdí, ìkejì dé èjìká.

Ọjọ́rú
Ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́. Kànga-ẹ̀rọ mọ́kàndínlógójì, pẹ̀lú tuntun yìí. N kò ya pèpéle sí ìkankan. Èmi tí ìyá mi máa ń bá gbé omi rù ní kékeré!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún
Mo ní ká mọ pèpéle méjì kún un. Ọ̀gá Kánkán: "Omi la gbà láti fà, a kì í ṣe alágbàrù." Mo fa omi kún garawa. "Ẹ dá gbé e rù, sà." Ó gbìyànjú! Omi ṣàn dé inú bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. (Irọ́. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín.)
Mo ní n kò ní í buwọ́ lù ú. Ó ní ẹlòmíràn á buwọ́ lù ú, kí n kó ẹrù mi.

Ọjọ́ Ẹtì
Mo kó o. Páálí kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án
Wọn ò tíì ṣí i. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi pè mí lórí fóònù, ọkùnrin tí a jọ kàwé. "Obìnrin yìí, o ti kó bá mi!" Agbẹ̀bí ti bi òun náà pé ta ni yóò gbé e ru òun. Òun náà kò buwọ́ lù ú. Ó ní kí n sọ ìwọ̀n pèpéle náà fóun.
Mo sọ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà ṣì í kọ.
Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àdúgbò méjìdínlógójì tó kù, tí kànga wọn kò ní pèpéle.